Òrìṣàbùnmi Ará Olla: Kí La Máa Fi Ṣírò Iṣẹ́ Òṣèrébìnrin Àtijọ́?

Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2021, ìròyìn jáde láti Ìbàdàn pé Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú ti kú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbọ́ ọ kò ta pútú, nítorí wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi orúkọ kejì kún un ni ariwo sọ: Òrìṣàbùnmi! Òrìṣàbùnmi ti Àwòrò! Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí Jímọ̀h Àlíù, ọ̀gá eléré tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ nígbà kan, ìyẹn Àwòrò fúnra rẹ̀, kú ní Adó-Èkìtì ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Nítorí náà, àwọn oníròyìn kàn so ikú kan mọ́ èkejì, wọ́n sì kọ ọ́ bí ẹni pé ìyàwó ló tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ti pínyà tipẹ́. Ó ti ń dá ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ti kọ́lé orúkọ tirẹ̀, síbẹ̀ ọkọ ni wọ́n fi júwe rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú.

Ọmọ Olla ni. Olla wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Isin, nílẹ̀ Ìgbómìnà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Kí wọ́n tó dá Isin sílẹ̀ lọ́dún 1996, abẹ́ Ìrẹ́pọ̀dùn ni gbogbo agbègbè náà wà, Òmù-Àrán sì ni olú-ìlú ibẹ̀. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọmọ Èkìtì ni obìnrin náà. Kò yani lẹ́nu. Ẹgbẹ́ Èkìtì ló gbé e jáde, àárín àwọn Èkìtì la sì ti ń rí i. Bí obìnrin bá wọ ẹgbẹ́ ọkọ, ìlú ọkọ ni ayé ń fún un.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò rèé. Bí wọ́n bá ní kí a ṣírò iṣẹ́ òṣèrékùnrin ìgbà náà, a mọ ohun tí a ó kà: fíìmù tó gbé jáde, ọdún tó gbé e jáde, ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀, àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó, ó wà lára kásẹ́ẹ̀tì, ó wà nínú ìwé àdéhùn. Kí la máa fi ṣírò ti obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìran, tí a kò rí orúkọ àbísọ rẹ̀ níbì kankan?

Ilẹ̀ Ìgbómìnà dára láti bi ìbéèrè yìí, torí pé ìpín tó ní nínú sinimá Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ wo Agbamu, ìlú kékeré kan ní Ìrẹ́pọ̀dùn, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ibẹ̀ ni Adéyẹmí Josiah Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ti wá. Wọ́n bí i lọ́dún 1940. Ó wọ ẹgbẹ́ Aláwàdà ti Mósè Ọláìyá, ìyẹn Bàbá Sàlá, lọ́dún 1966, ó kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1971 láti dá tirẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 1976, òun ni olú òṣèré Àjàní Ògún, fíìmù tí Ọlá Balógun darí, tí a sì kà sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìjà Òmìnira dé lọ́dún 1979, èyí tí wọ́n mú jáde láti inú ìwé Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí. Kádàrá tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Ìjà Orogún, Taxi Driver, Ìyá Ni Wúrà, títí tó fi kú ní ìparí ọdún 1996. Àwọn ọmọ rẹ̀ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀: Kúnlé, Gabriel, Arẹ̀mú, àti Mojí. Bí a bá ka ti Kúnlé nìkan mọ́ ti bàbá rẹ̀, láti Araromire lọ́dún 2009 dé Aníkúlápó tó jáde lórí Netflix lọ́dún 2022, a ti rí i pé ilé kan ní Agbamu ti wà lójú awò fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Ẹ ṣàkíyèsí bí ìtàn ilé náà ṣe máa ń lọ lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́: bàbá, lẹ́yìn náà ọmọkùnrin. Tóyìn Afọláyan, tí a mọ̀ sí Lọlá Ìdíje, àbúrò Adé Love lobìnrin, wà nínú ìtàn yìí látìgbà tí iṣẹ́ náà ti wà lórí ìtàgé. Ó ti ṣe obìnrin ẹlẹ́nu mímú, ó ti ṣe ìyá ọkọ tí kì í gbẹ̀bẹ̀, ó ti ṣe olówó tí owó ń gùn. Bí Lọlá Ìdíje bá ti wọlé nínú fíìmù, olùwòran mọ̀ pé ìjà ti dé nìyẹn. Mojí, ọmọ Adé Love, náà ti ṣeré títí, Òjòpagogo tó jẹ́ òṣèré ni ó sì fẹ́. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ tí mo ti kà nípa ìdílé náà, gbólóhùn kan ló máa ń kan obìnrin méjèèjì, ibi ìparí ló sì máa ń wà, níbi tí wọ́n ti ń ka orúkọ ẹbí.

Kí a tó bínú sí àwọn tó kọ ọ́, ó yẹ kí a mọ bí obìnrin ṣe dé orí ìtàgé. Lọ́dọ̀ àwọn alárìnjò tó ń ṣeré lábẹ́ agọ̀, obìnrin kì í wọ eégún. Ọkùnrin ló ń ro ìró, tó ń wé gèlè, tó ń ṣe bí ìyàwó tuntun, tí gbogbo ọjà fi ń rẹ́rìn-ín. Ipò obìnrin ni kó gbe orin, kó máa ki eégún bó ṣe ń jó. Ará Ìgbómìnà mọ èyí láìsí pé ẹnìkan kọ́ ọ, torí eégún Eléwe wọn, tó ń tàkìtì tó ń fò sókè bí ẹni pé kò léegun, kò ṣàjèjì sí wọn.

Hubert Ògúndé ló fọ́ àṣà yẹn. Ìgbà tó sọ eré di iṣẹ́ tí yóò máa jẹ lọ́dún 1945, ó kéde pé òun ń wá obìnrin tí yóò máa ṣeré lórí ìtàgé. Ẹni kankan kò dá a lóhùn. Ìtàn tí a mọ̀ ni pé ó padà kéde pé akọ̀wé lobìnrin ni òun ń wá, kí àwọn kan tó yọjú. Ìgbà tí àwọn òbí gbọ́ pé eré ni ọmọ àwọn ń ṣe, wọ́n fẹ́ mú wọn lọ. Ojútùú tí Ògúndé rí ni kó fẹ́ wọn. Ó fẹ́ ju obìnrin mẹ́wàá lọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì di ilé rẹ̀. Adéṣewà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà nínú wọn, kú nínú jàm̀bá ọkọ̀ lọ́dún 1970 nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré. Ẹ rò ó wò: ojú iṣẹ́ ló kú sí, orúkọ ìyàwó ọ̀gá ni a sì fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá tó kù kọ́ ọgbọ́n yìí. Abíọ́dún ni Ọya nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ ọkọ rẹ̀ jẹ́ Ṣàǹgó nínú Ọba Kò So. Lẹ́yìn tí ọkọ kú lọ́dún 1978, òun ló gbé orúkọ ẹgbẹ́ náà dúró. Grace Oyin-Adéjọbí, Ìyá Òṣogbo, wà lọ́dọ̀ Oyin Adéjọbí. Ìdòwú Philips kò mú orúkọ Mama Rainbow wá láti ibòmíràn, ẹgbẹ́ eré ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Òṣùmàrè ló ti mú un.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, pé àwọn ọ̀gá eléré kàn fẹ́ràn obìnrin. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí owó ṣe ń rìn. Ẹgbẹ́ arìnrìnàjò kì í ní owó oṣù tó dúró sójú kan. Owó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró dè. Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ eré, gbèsè ni wọ́n ń gbé kúrò ní ìlú náà. Òṣèrékùnrin tó gbówó lórí lè kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, tàbí kó dá tirẹ̀ sílẹ̀, bí Adé Love ti ṣe sí Bàbá Sàlá. Ìyàwó kò lè lọ. Ibi tó ti ń jẹun náà ló ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, owó rẹ̀ sì wà lápò ọ̀gá tó tún jẹ́ baálé. Òun ni ìdí tí ẹgbẹ́ fi lè pẹ́. Òun náà sì ni ìdí tí kò fi sí ìwé kankan tó sọ ohun tó gbà àti ohun tó ṣe. Kò sí ẹni tó ń kọ̀wé àdéhùn fún ìyàwó ilé.

Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú wọ̀.

Jímọ̀h Àlíù, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Akin Ògúngbè kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1966. Ó wọ iṣẹ́ ológun lọ́dún 1967, ó sì kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1975 kó lè gbájú mọ́ eré. Mo rò pé ìgbé ayé ológun yẹn hàn nínú eré rẹ̀: ogun ló máa ń wà níbẹ̀, bí kò bá jẹ́ ti ìbọn, ti ọfọ̀ ni. Àrélù àti Yánpọnyánrin, tí tẹlifíṣọ̀n gbé dé ilé gbogbo ènìyàn, ni wọ́n sọ ọ́ di Àwòrò, wọ́n sọ Òjó Arówóṣafẹ́ di Fádèyí Olóró, wọ́n sì sọ ọmọ Olla di Òrìṣàbùnmi.

Ẹni tí kò bá gbé ayé ìgbà náà lè máa rò pé àsọdùn ni. Tẹlifíṣọ̀n kan lè wà ní agbo ilé mẹ́ta. Bí àkókò bá ti tó, wọ́n á gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn àgbà á jókòó sórí bẹ́ńṣì, àwọn ọmọdé á wà nílẹ̀, àwọn tí kò rí àyè á fi ojú fèrèsé wò ó. Ọmọ kan á wà níta, òun ni wọ́n rán sídìí ọ̀pá áńtẹ́nà. "Yí i sọ́tùn-ún díẹ̀! Ó ti ń mọ́! Ó ti tún lọ! Dá a padà, má mira!" Ọmọ yẹn kì í rí eré wò, ohùn nìkan ló ń gbọ́: ohùn Fádèyí tó ń gbùngbùn bọ̀, ìlù tó ń lé e, àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń wà kí obìnrin kan tó dáhùn.

Ó dára kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ìran bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì á dúró kojú ara wọn ní ìta gbangba. Èkíní á pe ọfọ̀ tirẹ̀, á na ìwo tàbí àdó sí èkejì. Oníkámẹ́rà á dá ẹ̀rọ dúró, ẹni tí wọ́n na nǹkan sí á kúrò níbẹ̀, wọ́n á tan èéfín díẹ̀, wọ́n á tún ṣí kámẹ́rà. Ó di àwátì! Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ní fóònù lè ṣe é. Nígbà náà, gbogbo iṣẹ́ ìyanu náà wà lọ́wọ́ òṣèré. Bí ojú rẹ̀ kò bá gbà pé ọfọ̀ náà ti mú un, èéfín kò lè gbà á là. Gbogbo agbára eré Jímọ̀h Àlíù wà nínú bí àwọn òṣèré rẹ̀ ṣe gba ọ̀rọ̀ gbọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Níbí ni mo ti rí ohun tí Òrìṣàbùnmi mú wá, nínú ìwọ̀nba tó kù tí ènìyàn lè rí wò. Àwọn ọkùnrin eré náà ń pariwo. Fádèyí kò lè sọ̀rọ̀ láìmi ilẹ̀, a sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òrìṣàbùnmi kì í kánjú. Ó máa ń jẹ́ kí ẹlẹ́nu rírọ̀jò parí, á wò ó, kó tó fọhùn. Orúkọ tí wọ́n fún un nínú eré, orúkọ olórìṣà ni, ó sì gbé e bí ẹni tí wọ́n bí sí ìdí rẹ̀, láìṣe àṣejù kankan. Nínú eré tí ìbẹ̀rù ti jẹ́ ọjà tí wọ́n ń tà, òun ni ẹni tí ẹ̀rù kò bà, ojú rẹ̀ ni àwa olùwòran sì ń wò láti mọ̀ bóyá ó yẹ kí àwa náà sá. Àwọn kan á sọ pé alátìlẹyìn Àwòrò ni. Èmi ò gbà. Ẹ mú un kúrò láàárín Àwòrò àti Fádèyí, ohun tó kù ni ọkùnrin méjì tó ń bú ara wọn.

Ó tún wà nínú Fọpomọ́yọ̀, fíìmù tí Jímọ̀h Àlíù gbé jáde lọ́dún 1991, tí Sunny Adé wà nínú rẹ̀, tí Charles Olúmọ, Àgbákò, náà wà níbẹ̀. Túndé Kèlání ló yà á, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tó fi kámẹ́rà 16mm yà kó tó máa darí tirẹ̀. Ìparí ìgbà kan ni Fọpomọ́yọ̀. Fíìmù irú èyí kò ṣeé fọ̀ nílé. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, London ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìgbà tí náírà ṣubú lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) ọdún 1986, owó tí wọ́n fi ń fọ fíìmù kan ga sókè gan-an. Ẹni tó bá sì rí i ṣe, kò ní ju ẹ̀dà kan tàbí méjì lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e káàkiri pẹ̀lú ẹ̀rọ asàfihàn, láti gbọ̀ngàn ìlú kan sí òmíràn, torí kò sí ẹni tó lè fi í sọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi hàn ní ìlú ogún, ìlà ti kún ojú rẹ̀.

Fídíò ló gba iṣẹ́ náà là, fídíò náà ló sì yí i padà. Kásẹ́ẹ̀tì VHS kò wọ́n, oníṣòwò Ìdúmọ̀tà ní Èkó gba ipò tí ọ̀gá ẹgbẹ́ wà tẹ́lẹ̀, ìlẹ̀kùn tuntun sì ṣí fún obìnrin. Fúnmi Martins, ọmọ Iléṣà, wọlé lọ́dún 1993 pẹ̀lú Nemesis láìjẹ́ ìyàwó ọ̀gá ẹgbẹ́ kankan. Ojú rẹ̀ tó fani mọ́ra àti bó ṣe mọ iṣẹ́ ló gbé e wọlé. Láti ìgbà náà, òṣèrébìnrin lè gba owó fún fíìmù kan lónìí, kó lọ ṣe ti ẹlòmíràn lọ́la. Òmìnira gidi ni, mi ò ní fi ojú kékeré wò ó.

Fún Òrìṣàbùnmi, ọ̀rọ̀ náà lójú méjì. Ó kúrò lábẹ́ Àwòrò, ó ń dá gba iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ayé tí orúkọ rẹ̀ ti wá ti ń yí. Nínú eré Jímọ̀h Àlíù, àwòrò ni olùgbàlà: òun ló mọ ohun tí ilẹ̀ ń fẹ́, òun ló ń bá ìlú bẹ̀bẹ̀. Lọ́dún 1985, Mike Bámilóyè dá Mount Zion, ẹgbẹ́ eré Kristẹni, sílẹ̀, nígbà tó sì fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, Agbára Ńlá, eré ẹgbẹ́ náà, ti wọ inú ilé tí Àrélù ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọfọ̀ kan náà ni, èéfín kan náà ni, ẹni tó ń borí ló yàtọ̀. Pásítọ̀ gba ipò àwòrò, olórìṣà sì di ẹni tí iná ń jó ní ìparí. Àwọn fíìmù mìíràn tí kì í ṣe ti ìjọ pàápàá kọ́ ọ̀nà yìí, torí ó ń tà. Obìnrin tó ń jẹ́ Òrìṣàbùnmi lójú gbogbo ènìyàn, ipò wo ni wọ́n máa pè é fún? Ìyá àgbà ìdí ojúbọ. Ìyá ọba. Ìyá tó mọ àṣírí. Ó ṣe wọ́n, ó sì ṣe wọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ti há.

Ìyípadà yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ tó bí i. Lónìí, bí ẹ bá dárúkọ Òmù-Àrán fún àjèjì, Bíṣọ́ọ̀bù Oyèdépò ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, àti Landmark University tí ìjọ rẹ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2011. Ìgbómìnà jẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn kan náà ni Ẹ̀sìẹ́ wà, níbi tí ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún wà, ọkùnrin àti obìnrin, àwọn kan jókòó lórí àpótí, àwọn kan di ohun ìjà mú, tí ìlú ń ṣe ọdún fún wọn, tí ẹni tó ń bọ wọ́n sì ń jẹ́ Àwòrò. Ará Ẹ̀sìẹ́ tó ń wo Jímọ̀h Àlíù lórí tẹlifíṣọ̀n kò nílò kí ẹnìkan ṣàlàyé oyè náà fún un.

Nítorí àwọn ère yẹn ni wọ́n ṣe kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí Ẹ̀sìẹ́ lọ́dún 1945, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Èyí máa ń dùn mí. Àwọn ère náà kò ní orúkọ, a ò mọ ẹni tó gbẹ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n ti kà wọ́n, wọ́n ti ya wọ́n, wọ́n ti tò wọ́n sínú ìwé. Obìnrin tó jáde láti Olla, tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ wọ ilé gbogbo wa ní ogójì ọdún sẹ́yìn, kò ní ìwé kan tó to iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ náà ń gbà ṣègbé. Téèpù wọ́n lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, wọ́n sì máa ń gba eré tuntun sórí ti àtijọ́. Ẹni tó ń ṣe é kò rò pé òun ń ba nǹkan jẹ́. Ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìyẹn ni ti àkọ́kọ́. Èkejì ni ohun tó kù tó wà kiri lórí YouTube: wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n fún un ní àkọlé tuntun, kò sí ọdún, kò sí orúkọ òṣèré. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Àrélù ni òun ń wò tàbí Yánpọnyánrin, àfi kó wá àgbàlagbà jókòó tì.

Àwọn aláwọ̀ funfun náà jìyà èyí rí. Theda Bara, ìràwọ̀ sinimá Amẹ́ríkà ìgbà tí fíìmù kò tíì ní ohùn, ṣe nǹkan bí ogójì fíìmù láàárín ọdún 1914 sí 1926. Lọ́dún 1937, iná jó ilé tí ilé iṣẹ́ fíìmù Fox ń kó fíìmù sí ní New Jersey, ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ obìnrin náà sì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù ba àwọn ìyàwó ilé nígbà ayé rẹ̀, fọ́tò ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ti Theda Bara, a mọ ohun tó sọnù. Àkọlé rẹ̀ wà, ọjọ́ tó jáde wà, owó tó gbà wà nínú ìwé ilé iṣẹ́. Ti Òrìṣàbùnmi, a ò lè to ohun tó sọnù, torí ìwé àkọ́kọ́ kò sí rí. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ náà pàdánù fíìmù, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ Jímọ̀h Àlíù wà lára iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín. Bí fíìmù bá tilẹ̀ jóná, a ó ṣì kà á kún un. Obìnrin tó ṣeré nínú rẹ̀ kò ní nǹkan mìíràn ju ojú rẹ̀ tó wà nínú àwòrán náà.

A ti rí i pé ohun tó sọnù lè padà wá. Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu darí lọ́dún 1976, ni a rò pé ó ti lọ. Lọ́dún 2016, wọ́n rí i nínú ilé ìpamọ́ fíìmù tó wà ní Jos, wọ́n bá àwọn ará Berlin tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù ìlú náà lọ́dún 2018. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé àwọn kan mọ àkọlé tí wọ́n ń wá, wọ́n sì tẹra mọ́ ọn. Ta ló ń wá Yánpọnyánrin? Ta ló ti lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó yà á, àwọn tó ṣètò rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, bóyá kásẹ́ẹ̀tì kan ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnìkan? Ẹ̀ka eré ṣíṣe wà ní Yunifásítì Ìlọrin, òmíràn wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara (KWASU) ní Malété. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ohun tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kọ nípa fíìmù Kèlání kan náà tí ẹgbẹ́ wọn ti kọ nípa rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn Kèlání. Ó ti tó.

Iṣẹ́ tí mo ń wí kò ga. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó, kó to gbogbo eré tí Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú ṣe, ti tẹlifíṣọ̀n, ti 16mm, ti fídíò, kó fi ọdún sí èyí tó mọ ọdún rẹ̀, kó sì fi àmì ìbéèrè sí èyí tí kò mọ̀. Kó ṣe ti Tóyìn àti Mojí Afọláyan bákan náà. Kó gba ìtàn lẹ́nu àwọn tó bá wọn ṣeré. Fádèyí Olóró kú ní oṣù kẹta ọdún 2023. Àgbákò tẹ̀lé e lọ́dún 2024. Nínú àwọn tó dúró síwájú kámẹ́rà Kèlání fún Fọpomọ́yọ̀, ìwọ̀nba ló kù, Kèlání fúnra rẹ̀ sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí mo ń kọ èyí, Lọlá Ìdíje ṣì wà níbi iṣẹ́, ó ṣì ń bá wọn jà nínú fíìmù. Ìbéèrè tí èmi ìbá kọ́kọ́ bi í ni iye tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ san fún un fún eré àkọ́kọ́ tó ṣe, àti bóyá ó fọwọ́ sí ìwé kankan.